Adìẹ Abólọ́rùn Tí O Ránṣẹ́ Béèrè

Èmi Rájí télọ̀, ọmọ Ìkirè, tí mo ń gbé ní Arámọkọ, ni mo ń kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Bàbá Òjó tí ilé wa jọ kọjú sí ara wọn ni ó ń sọ ọ́. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọmọ àgbẹ̀ sì ni wọ́n, wọn kò ka ìwé. Bọ́sẹ̀dé ọmọ wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ó lọ sílé ọkọ ní Ìlogbò lẹ́yìn tí ó jáde ní ilé ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àkúrẹ́, tí ó sì ń bójú tó ọgbà adìẹ baba ọkọ rẹ̀ báyìí. Bọ́sẹ̀dé rán Dáúdà awakọ̀ wá pẹ̀lú àgò òfìfo, ó ní kí Bàbá kó adìẹ abólọ́rùn wọn, àwọn tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, sí i fún òun pẹ̀lú àkùkọ ńlá wọn. Dáúdà ti padà wá gba èsì lónìí, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu Èkìtì ni Bàbá fi ń sọ ọ́, èmi ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé. Bí Bàbá bá ní kí n má kọ ohun kan, tí mo sì ti kọ ọ́, kí Bọ́sẹ̀dé jọ̀wọ́ má bá mi jà.

Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Iṣẹ́ tí o rán dé ọ̀dọ̀ mi. Dáúdà sọ àgò kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n gba adìẹ wọn." Mo ní, "Àwọn wo?" Ó ní, "Bọ́sẹ̀dé àti Dádì." Mo ní, "Èmi ni baba rẹ̀." Ó ní, "Ẹ̀yin ni Bàbá Arámọkọ. Tíṣà ni Dádì." Kò mọ̀ pé òun fi ọ̀bẹ gún ènìyàn. Ó béèrè omi, ó mu ún, ó lọ.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, kí o má sì máa wá a káàkiri inú ìwé: owú ń jẹ mí. Tíṣà baba ọkọ rẹ ni mo ń jowú. Ìyá rẹ tí ó ń bó ẹ̀gúsí níbí ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó jáde lẹ́nu àgbà. Mo ní bí kò bá jáde lẹ́nu, ojú ni yóò gbà jáde, ojú ni wọ́n sì ń tètè rí.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ fi adìẹ náà ṣe. O sọ ọ́ fún mi kí o tó kúrò nílé, mo sì gbọ́, bí mo tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé oorun ń kùn mí. Adìẹ àgíríìkì Tíṣà tóbi, ó ń yé ẹyin, ṣùgbọ́n àgbàdo tí ó ń jẹ pọ̀ débi pé ọkọ̀ ni ó ń gbé e wá. Àgbàdo tí ó yẹ kí ọmọ ènìyàn fi mu ògì ni. Ooru ń pa wọ́n, wọn kò lè jáde lọ wá ohun tí wọn yóò jẹ, ìgbẹ́ wọn sì ga bí ebè iṣu lẹ́yìn ilé. Òjò gbá a wọ inú odò, omi tí àwọn obìnrin Ìlogbò ń pọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ó ń rùn. O ní o fẹ́ da ìran adìẹ wa pọ̀ mọ́ tirẹ̀, kí o sì máa ṣà wọ́n títí ìwọ yóò fi ní adìẹ kan tí yóò máa yé ẹyin bí àgíríìkì, tí yóò jẹun bí ọmọ ilé, tí ooru kò ní pa, tí kò sì ní ba omi ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ó dára. Èrò ọlọ́gbọ́n ni. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ilé ẹlòmíràn ni o ti rò ó.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Rájí ní òun yóò máa kà á ní èkíní, èkejì. Kí ó máa kà á.

Èkíní. Má ṣe yọ̀ sí ọmọ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo gbé iṣu lọ sí ọjà Ìjerò, mo rí àkùkọ pupa kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ti òkè ọya wá. Ó ga, ó ń rìn bí ẹni tí ó ni ọjà. Mo fi gbogbo iṣu mi pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá mi, tí orí kunkun rẹ̀ ju tèmi lọ, wò ó títí, ó ní, "Ta ni ìyá rẹ̀?" Mo ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀." Ó ní, "N kò béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ bí dára. Mo gbé wọn kiri Arámọkọ bí ẹni gbé ìbejì. Ìgbà tí àwọn ọmọ náà bímọ tiwọn ni wàhálà dé. Òmíràn tóbi bí baba àgbà rẹ̀, òmíràn kò ju àparò lọ. Àwọn abo kì í sàba mọ́. Wọn yóò yé ẹyin, wọn yóò dìde kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni tí ó rántí pé òun gbé ìkòkò kaná. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń wo ọwọ́ ìyá mi. Adìẹ tí kò lè jìnnà sí àwo ọkà ti sọ olówó rẹ̀ di ẹrú. Àgbébọ̀ abólọ́rùn kan ṣoṣo tí ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi, tí ó kọ̀ kí àkùkọ mi sún mọ́ òun, ni ó gba ìran náà là. Ọmọ rẹ̀ ni gbogbo èyí tí ò ń béèrè yìí.

Nítorí náà, bí tìẹ bá bí ọmọ àkọ́kọ́, tí wọ́n tóbi, tí wọ́n ń dán, tí Tíṣà pe àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fẹ̀yìntì wá wò wọ́n, pa ẹnu mọ́. Dúró de ọmọ-ọmọ. Inú ọmọ-ọmọ ni ohun tí ó fara pamọ́ ti máa ń yọjú. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà.

Èkejì. Inú abo ni kí o ti kọ́kọ́ ṣà, kì í ṣe inú akọ. Ojú gbogbo ayé ń wo ẹni tí ó ń kọ. Ìwọ wo ẹni tí ó ń yé. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ń wọlé bọ̀, fi ọwọ́ kan àpò ọrùn wọn, níbi tí oúnjẹ ń gbà dúró kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí o kò fún ní nǹkan kan, tí àpò rẹ̀ sì kún fún kòkòrò àti èso koríko, tí ó sì tún yé ẹyin ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ni ìyá. Èyí tí àpò rẹ̀ ṣófo, tí ó ń ké tẹ̀lé ọ, tà á.

Mo gbọ́ pé agolo ni o fi ń wọn oúnjẹ adìẹ kọ̀ọ̀kan, pé o há wọn mọ́ yàrá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí aláìsàn. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo gbọ́. Ìyá rẹ ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iye adìẹ tí ẹ ní, tí ẹ ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó rí bẹ́ẹ̀. Adìẹ tèmi kò ju ohun tí ọwọ́ lè mọ̀ lọ. Tìẹ ju bẹ́ẹ̀. Má fi agolo sílẹ̀. Má sì fi ọwọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó kan èmi àti Tíṣà. Má ṣe fi èyí tí ó dára jù ṣe àlejò.

Ìwọ náà mọ àṣà wa. Bí àna bá dé, àkùkọ tí ó tóbi jù ni à ń pa. Bí ọdún bá dé, bákan náà. Bí ọmọ bá ti ìdálẹ̀ wá, bákan náà. Láti ìgbà baba ńlá wa ni a ti ń pa èyí tí ó dára, tí a ń fi èyí tí kò sẹ́ni tí ó fẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó máa gun àwọn abo. Lẹ́yìn náà ni a óò jókòó, a óò máa ṣe kàyéfì pé adìẹ ayé àtijọ́ tóbi ju ti ìsinsìnyí lọ. Kí ni kò ní jẹ́ kí ó tóbi jù? Inú ọbẹ̀ ni baba wọn parí sí.

Nígbà tí Tíṣà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sílé yìí láti wá tọrọ rẹ, mo rí bàtà rẹ̀. Mo rí bí ó ṣe jókòó, tí ó ń sọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ohun tí èmi ní tí òun kò ní. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kí wọ́n mú àkùkọ abólọ́rùn ńlá náà. Ìyá rẹ ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ẹ jẹ́ kí a pa òmíràn. Baba wọn nìyẹn." Mo ní, "Kí ó lè lọ sọ ní Ìlogbò pé adìẹ àìsàn ni mo fi ṣe òun lálejò?" A pa á.

Tíṣà jẹ ẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹran yìí dùn. Ṣé ẹ ní púpọ̀ irú rẹ̀?" Mo ní, "Wọ́n pọ̀ bí koríko."

Nítorí náà, ọmọ mi, àkùkọ tí o ní kí n fi ránṣẹ́ kò sí mọ́. Baba ọkọ rẹ ti jẹ ẹ́. Kí ó má máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi mọ́. Ọmọ rẹ̀ kan ni ó kù, ohùn rẹ̀ há, apá rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ díẹ̀. Bóyá ẹ̀jẹ̀ baba rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwọ ni yóò wádìí ìyẹn.

Rájí ní ẹ̀kẹrin ló kàn. Ẹ̀kẹrin ni pé kí àkùkọ má ṣe pẹ́ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. O rẹ́rìn-ín, àbí? Mo mọ̀. Ìwọ ni o sọ èyí fún mi ní ìgbà tí o wá lo ọlidé láti Àkúrẹ́. O ní, "Bàámi, àkùkọ yìí ń gun ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ti ará Ìkógòsì." Mo ní adìẹ kì í ka ìbátan. O ní ara wọn ń kà á. Mo lé ọ kúrò lọ́dọ̀ mi. Ní ọdún yẹn, òròmọdìẹ mélòó kan jáde tí ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Mo rí wọn. N kò pè ọ́ kí o wá wò wọ́n.

Ní Ìlogbò, mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni o sọ, tí Tíṣà sì pe káfíńtà ní ọjọ́ kejì kí ó wá fi nẹ́ẹ̀tì pín ilé adìẹ. Ohun tí o fi ẹnu sọ títí lọ́dọ̀ mi ni ó gbọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo jowú nẹ́ẹ̀tì yẹn. Àgbà tí ń jowú nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ayé.

(Níbí ni Ìyá Bọ́sẹ̀dé ti rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù. Bàbá ní kí n má kọ ọ́. Rájí.)

N kò rántí iye tí a kà dé mọ́. Èyí tí ó kàn ni ti odò.

Ìgbẹ́ adìẹ kì í ṣe ẹbi adìẹ. Bí o bá rí ìran tí ó ń jẹun díẹ̀, ìgbẹ́ yóò dín kù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n má rò pé ìran nìkan ni yóò gba odò là. Ìgbẹ́ díẹ̀ ní ibi tí kò yẹ, ìdọ̀tí ni. Ìgbẹ́ púpọ̀ ní oko, ọrọ̀ ni. Jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oko àgbàdo kí òjò tó dé, kí ó kọ́kọ́ gbẹ, nítorí tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Mo ti fi tútù rẹ̀ pa ata ìyá rẹ rí. Kò tíì dárí jì mí. Bi í wò.

Mo sì gbọ́ ohun tí Tíṣà ṣe nígbà tí àwọn obìnrin wá sí ilé rẹ̀ nítorí omi. Dáúdà wà níbẹ̀. Wọ́n gbé garawa omi náà dání, olórí wọn sì ní kí Tíṣà mu ún. Dáúdà ní Tíṣà kò bínú. Ó wo inú omi náà, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, èmi ni mo bà á jẹ́, èmi ni n óò tún un ṣe." Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ọ níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Bọ́sẹ̀dé, kí ni kí a ṣe?"

Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn ní, ilé páànù, owó ìfẹ̀yìntì, bàtà, èyí ni mo jowú jù. N kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n óò sọ pé odò ti ń rùn tẹ́lẹ̀. N óò jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nítorí náà, nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni kí o wò, má wo èmi. Rájí, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má fi oyin sí i.

Ṣùgbọ́n ní ti ilé ọkọ, èmi ni kí o gbọ́ tèmi. Tíṣà fẹ́ràn rẹ, ó dára. Ọkọ rẹ ń ṣiṣẹ́ ní Adó, òpin ọ̀sẹ̀ ni ó ń wálé. Má jẹ́ kí ọgbà adìẹ di ọkọ rẹ. Bí ọkọ rẹ bá dé ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, wẹ ara, kí òórùn adìẹ kúrò lára rẹ, kí o jókòó tì í. Adìẹ yóò wà ní ọjọ́ Ajé. Ó sì yẹ kí o mọ ohun tí ó jẹ́ tìẹ. Aya ilé ni ọ́, iṣẹ́ sì ni iṣẹ́. Bí ìran tuntun náà bá dúró, tí wọ́n ń wá rà á láti Ẹ̀fọ̀n dé Àkúrẹ́, má jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní adìẹ Tíṣà, kí ìwọ wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ọkọ́. Sọ ọ́ fún un nísinsìnyí tí kò tíì sí nǹkan tí ẹ óò jà lé lórí. Ẹni tí ó lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn obìnrin odò, kò ní ṣòro fún un láti gbọ́.

Adìẹ tuntun, àjákù aṣọ ni a fi ń so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó títí yóò fi mọ ilé. Òmíràn yóò já okùn, yóò gba inú igbó padà sí ibi tí wọ́n ti rà á. Nígbà tí o lọ, mo rò pé ìwọ náà yóò pẹ́ kí o tó mọ ilé wọn. Mo ń wo ọ̀nà. Kò pẹ́ rárá. Inú ìyá rẹ dùn sí i. Èmi, ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ.

Nísinsìnyí, adìẹ. Dáúdà ń wo oòrùn, ó fẹ́ máa lọ.

N kò ní fi ta ọ́ lọ́rẹ. Gbọ́ mi yé. Bí mo bá fi ta ọ́ lọ́rẹ, wọ́n di ti Ìlogbò láti òní lọ, ọ̀rọ̀ wọn sì ti parí láàárín àwa méjèèjì. Àgbàsìn ni mo gbé wọn fún ọ. Ìwọ kò dàgbà bá a dáadáa, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kò ṣòro. Èmi ni mo ni ìyá. Ẹ̀yin ni ẹ ń sìn ín. Bí ó bá pa ọmọ, tí wọ́n sì dàgbà tó ohun tí àwọ̀dì kò lè gbé mọ́, a óò pín wọn ní dọ́gbadọ́gba. Ẹ kò gbọdọ̀ pa á, ẹ kò gbọdọ̀ tà á, kí n má mọ̀. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ gbé òkú rẹ̀ wá kí n rí i. Ka èyí sí etí Tíṣà. Bí ó bá gbà, kí ó gbà á gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin. Bí kò bá gbà, kí Dáúdà dá wọn padà.

Àgbébọ̀ mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́, pẹ̀lú akọ tí ohùn rẹ̀ há. Èyí tí ó dúdú máa ń ṣán ènìyàn lọ́wọ́ bí ó bá ń sàba. Fi sílẹ̀, ìyá gidi ni. Mo fi aṣọ pupa so ìyẹ́ wọn, Rájí ni ó fún mi ní àjákù rẹ̀. Fún akọ yẹn ní abo tí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Wàá rí i pé n kò gbàgbé ohun tí o sọ.

Òfin kan ṣì kù. Bí àkókò àti pín ọmọ adìẹ bá tó, a kì í rán ènìyàn. Má rán Dáúdà. Dáúdà, má bínú, mo mọ̀ pé o ń gbọ́. Ẹni tí ó ń sìn ín ni ó ń gbé ọmọ rẹ̀ wá, tí òun àti ẹni tí ó ni ín yóò jọ jókòó, tí wọn yóò mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tìrẹ, èyí tèmi. Bí àwọn baba wa ṣe ṣe é nìyẹn, n kò sì ní tìtorí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yí i padà. Ìlogbò kò jìnnà. Bí Tíṣà bá fẹ́ bá ọ wá, àga wà.

N kò sọ pé owú náà ti tán. Ó ṣì wà níhìn-ín, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kí baba ọkọ rẹ rí i nínú ìwé, kò burú, òun náà bí obìnrin, yóò yé e bó pẹ́ bó yá. Ìwọ sá máa wá. Bí a bá pín àwọn adìẹ náà tán, tí o ní o fẹ́ padà kí ilẹ̀ tó ṣú, n kò ní dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n jókòó díẹ̀ kí o tó dìde.

Mo kà á fún Bàbá láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ní ibi tí mo kọ ẹ̀rín Ìyá sí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ìka sínú tàdáwà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síbí fúnra wọn.

Àmì ìka Òjó, ọmọ àgbẹ̀, Arámọkọ.

Ẹlẹ́rìí: Ìyá Bọ́sẹ̀dé, ẹni tí ó mú àwọn àgbébọ̀ náà sínú àgò.

Ẹlẹ́rìí: Dáúdà awakọ̀, ẹni tí ó ń gbé wọn lọ sí Ìlogbò, tí wọ́n ti sọ fún pé kì í ṣe òun ni yóò gbé ọmọ wọn padà.